Iye Tí Mo Dá Lé Àmì Kòkó

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílẹ̀ àjèjì, n kò ní purọ́: iyán ni. Wọ́n bí mi sí Àjàṣẹ́, létí ọ̀sà, ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń sọ Faransé, níbi tí a ti ń fi àkàṣà àti ẹja jí, tí a tún ń fi àkàṣà àti ẹja sùn. Ìgbà tí gbogbo Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo dé Arámọ̀kọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, onílé mi gbé òkìtì funfun kan kalẹ̀ níwájú mi. Mo rò pé ti gbogbo ilé ni. Mo bu díẹ̀ níbi etí rẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì rọra sún àwo náà sí àárín tábìlì kí àwọn yòókù lè rí jẹ.

"Àwọn yòókù yèsí?" ni obìnrin náà bi mí. "Ùwọ nìkan lo ni ín. Jẹun, jàre."

Yèyé ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Opó ni, ìyá ìjọ ni, kò sì gbà pé ènìyàn lè yó kó tó làágùn. Mo jẹ òkìtì náà tán, mo sì sùn bí ẹni tí igi wó lù. Nígbà tí mo jí, ó ti ń gún òmíràn.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mo kọ́, òun náà ni mo gbé wá. Nílùú wa, bí mo bá gun àkàbà tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì dání, àwọn èèyàn a dúró wò mí, wọn a ní ọwọ́ mi dára. Ní Arámọ̀kọ, wọ́n ń dúró kí wọ́n lè rí àṣìṣe mi. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń fẹ́ lára pátákó, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò sì ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí iléèwé lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ pátákó fún onítajà oògùn kan, bàbá kan tó gbé ọkọ́ léjìká bọ̀ láti oko dúró sísàlẹ̀ àkàbà mi. Ó wò ó títí.

"O ti jẹ lẹ́tà kan," ló wí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé, iyán ń tutù."

Ọlọ́jà tó wà lódìkejì títì ló pariwo sí mi pé Ẹ̀dímásítà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, pé ọkùnrin náà ló kọ́ ìdajì ìlú níwèé kó tó fẹ̀yìn tì sídìí kòkó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́, ọ̀dà dà sí mi láyà. Ẹ̀dímásítà ní kí n dìde. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára gan-an, pé ohun tí mò ń kọ ni kò dára.

Báyìí ni mo ṣe mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó.

Kò sí tẹlifóònù tó lè dé Àjàṣẹ́ ní Arámọ̀kọ. Adó ni mo máa ń lọ, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí a ti ń tò sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pe orúkọ ìlú ẹni. Ẹni tí mò ń pè ni Mónìkà, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì bàbá rẹ̀ ni tẹlifóònù náà wà, bàbá náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi tí mò ń kọ pátákó, sà."

"Áà! Ìwọ tí ò ń kọ̀wé sí ìdí ọkọ̀. Ṣé o ti ríṣẹ́?"

Igbe ni à ń ké kí a tó lè gbọ́ ara wa, nítorí náà gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní mò ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá Mónìkà ní òun kò béèrè bí mo ṣe ń ṣe é, irú iṣẹ́ wo ni òun ń béèrè. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun lé ọkùnrin tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sá lọ. "Ọjọ́ tí o bá ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ tó tóbi, àjọ tó ní òǹtẹ̀, ọjọ́ náà ni kí o wá bá mi sọ̀rọ̀ Mónìkà. Bí Àjíǹde bá kọjá, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́."

Ó gbé e fún Mónìkà. Mónìkà ní, "Ṣé ò ń jẹun?" Àkókò wa sì parí.

Bí mo ṣe yíjú padà, ìyàwó ilé kan tó gbé ọmọ pọ̀n fọwọ́ kàn mí ní apá. "Ẹ má dààmú," ló wí, "ẹ ó rí òǹtẹ̀ náà gbà." Arúgbó kan ní láàárín òǹtẹ̀ àti ọmọbìnrin, òun á kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọ̀rọ̀ mi, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí kò rìnrìn àjò rí yóò rò pé ohun ńlá ló ń mú ni rántí ilé. Irọ́ ni. Èmi, òórùn ẹja tútù ni. Òkè ni mò ń rí níwájú, òkè lẹ́yìn, n kò rí omi tó tó omi. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń dá mi lóhùn, síbẹ̀ wọ́n ti mọ̀ kí n tó la gbólóhùn kan já pé ará ibòmíràn ni mí. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi. "Àjàṣẹ́" ni wọ́n ń pè mí: Àjàṣẹ́, wá jẹun, Àjàṣẹ́, o ti jẹ lẹ́tà kan. Wọn kò fi bú mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ilé a máa sọ sí mi lọ́kàn. Ó ń dùn mí.

Ìgbà tó ku díẹ̀ kí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ẹ̀dímásítà ránṣẹ́ pè mí. Ẹgbẹ́ náà ní ilé ìkó-kòkó-sí sí Ìjerò, Ìpòtì, Ìjurin, Erìjìyàn, Ẹ̀fọ̀n, olú ilé rẹ̀ sì wà ní Arámọ̀kọ. Wọ́n ní lọ́rì, wọ́n ní àpò, wọ́n ní fìlà, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, tí yóò wà lára ohun gbogbo, tí yóò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Kí n lọ kọ iye tí màá gbà wá, kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Mo béèrè ohun kan ṣoṣo. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹgbẹ́ yín ní òǹtẹ̀?"

"Méjì," ni Ẹ̀dímásítà wí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé Yèyé, mo ń ṣírò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nílé máa ń wí pé iye kan wà tí à ń dá, iye kan sì wà tí à ń gbà, pé ebi ló máa pa ẹni tó bá dá iye tó fẹ́ gbà. Oníbàárà gbọ́dọ̀ rí nǹkan gé. Nítorí náà mo kọ iye tó tọ́, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Yèyé tó ń bẹ iṣu ní ẹ̀gbẹ́ mi bi mí pé àwọn wo ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Yéè!" ló ké. "Àwọn lí í gé nǹkan!"

Mo tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà mo rántí ohùn Bàbá Mónìkà, mo sì fi díẹ̀ kún un nítorí ìbínú. Nígbà tí mo parí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo iye náà torí ojú ń tì mí láti wò ó. Owó náà á ra ọkọ̀, á sì san owó dírẹ́bà.

Inú olú ilé ìkó-kòkó-sí náà ni ìgbìmọ̀ ti gbà mí. Òórùn kòkó gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì kan, olùkọ́ àná, olùkọ́ ìjẹta, gbogbo wọn fi gíláàsì sójú, ẹrẹ̀ oko sì wà ní bàtà wọn. Mo fún wọn níwèé mi. Mo wá ń dúró kí ẹnìkan pariwo pé "Háà, ó pọ̀ jù!" kí èmi náà lè fi ọwọ́ gbá àyà, kí n ní iye tí mo fi rà á gan-an nìyẹn, kí ọjà lè bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ẹ̀dímásítà mú gègé onítàdáwà pupa jáde nínú àpò, ó ṣí i.

"Nọ́mbà kìíní," ló wí. "'Ìrònú lórí àmì.' Ṣàlàyé."

Òógùn bò mí. Mo ní, "Ìyẹn ni owó tí mo fi ronú, sà."

"O máa gbowó lórí ìrònú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìrònú ló ṣòro jù níbẹ̀."

Ẹ̀dímásítà yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Mo ronú fún ìjọba títí irun mi fi funfun. Ṣé ẹ rántí pé wọ́n san tiẹ̀ fún mi lọ́tọ̀?" Ẹ̀rín sọ nílé. Síbẹ̀ kò fagi lé e. Ó gé e sí ìlàjì, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ronú sí i.

Báyìí la ṣe gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Ní ibi tí mo ti kọ "fila", ó fi àmì ohùn sí i. Ní ibi tí mo ti ṣe ìṣirò àpò, ó ní kí n fi bí mo ṣe rí ìdáhùn náà hàn. Mo fẹ́ kú. Mo wo ìwé mi bó ṣe ń pupa, mo sì ń rí Mónìkà bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn.

Nígbà tó kan nọ́mbà tó tóbi jù, owó àwọn tí màá gbà láti bá mi kun ilé àti lọ́rì, Ẹ̀dímásítà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Èyí ga jù. Èyí nìkan lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró."

Bàbá kan láti Ìpòtì ní, "Kí la wá fẹ́ fi owó ṣe é sí? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀wẹ̀ ni kí a fi ṣe é."

Gbogbo bẹ́ǹṣì mirí. Inú mi dùn, orí mi wú. Mo mọ ọ̀wẹ̀! Nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárín ìgboro, fàdá a kéde ọ̀wẹ̀, a óò gbálẹ̀, a óò nu fèrèsé, olúkúlùkù a gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọmọ ìgboro ni mí, n kò mú ọkọ́ rí, ọ̀wẹ̀ mìíràn kò sì hàn mí rí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo dìde dúró gbọnrangandan, mo gbá àyà mi.

"Ẹ̀yin bàbá mi," mo wí, "ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀ náà. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi."

Bàbá ará Ìpòtì náà wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀dímásítà fagi lé nọ́mbà tó tóbi náà, ó ṣírò ohun tó kù, ó kọ máàkì sókè: márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. "O yege," ló wí, "ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí o kùnà." Ó gbé òǹtẹ̀ lé e. Ó tún gbé ìkejì lé e.

Ọjọ́ kejì ni mo sáré lọ sí Adó. Bàbá Mónìkà ló gbé e. Mo ní mo ti ríṣẹ́, òǹtẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí n ti dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Mo tún ní lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti ìlú káàkiri, èmi ni mo pè wọ́n.

"Gbogbo wọn? Ìwọ lo pè wọ́n?"

"Èmi ni, sà."

"Màá wá fi ojú ara mi rí i," ló wí. "Èmi àti Mónìkà."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Yèyé pẹ̀lú ijó. Yèyé gbé ọbẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀.

"Ùwọ lo bẹ ọ̀wẹ̀?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Uṣu yèsí ni wọ́n a jẹ?"

"Wọ́n máa jẹun ni?"

Mo ti rí obìnrin tó rẹ́rìn-ín rí, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó rẹ́rìn-ín débi tó ní láti di igi òrombó mú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó là mí lójú: ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Iyán ni, ẹran ni, àjẹyó ni, títí tí ẹni ìkẹyìn á fi ní ó tó. Bí ọ̀wẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ ẹni lọ pẹ̀lú ebi, orúkọ ẹni bàjẹ́ láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo dá iye lé, títí kan ìrònú mi, n kò dá iye lé oúnjẹ.

"Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ," ni Yèyé wí. "Ulé mi lo wà. Èmi a se uṣu, ùwọ a gún un."

Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n san fún mi lọ sórí iṣu àti ẹran ìgbẹ́. Àárọ̀ Sátidé náà, wọ́n dé síwájú olú ilé ẹgbẹ́. Mo rò pé ìwọ̀nba èèyàn ni. Ńṣe ni lọ́rì ń já wọn sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo. Mo ti gé àmì náà sára páálí nílẹ̀, èso kòkó kan tó ní ewé méjì, kí wọ́n lè kàn fi ọ̀dà kun ojú ihò rẹ̀, kó rí bákan náà níbi gbogbo. Wọ́n wo páálí mi, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé kòkó la ò mọ̀ ni?" ni wọ́n wí.

Olúkúlùkù wá ya kòkó oko rẹ̀ sára lọ́rì ìlú rẹ̀. Kòkó Ìpòtì gùn bí ìbẹ́pẹ. Àwọn ará Ìjurin ní tàwọn sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì sanra sí i títí ó fi kan fèrèsé ọkọ̀. Ará Erìjìyàn kan fi ọ̀kẹ́rẹ́ sí tirẹ̀. Mo sáré lọ bá a pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí nínú àmì. Ó ní, "Ó wà nínú oko."

N kò ráyè bá a jà. Odó ń dúró dè mí. Yèyé àti àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ ń se iṣu, wọ́n ń kó o sínú odó, èmi ń gún. Apá tó ń mú búrọ́ọ̀ṣì kò mọ ọmọ odó. Iyán mi kún fún kókó. Wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ lọ fún ìgbìmọ̀, Ẹ̀dímásítà fi ìka méjì yọ kókó kan, ó gbé e sókè nínú oòrùn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ó gbé e sí etí àwo bí ẹni tó fi gègé pupa fa ìlà sí i. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dìde lórí ebi, iṣẹ́ lọ, òǹtẹ̀ lọ, Mónìkà lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ kan dúró, tí Bàbá Mónìkà sì sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù, Mónìkà tẹ̀ lé e. Bàbá náà wo òkè, ó wo lọ́rì tó ní ọ̀kẹ́rẹ́, ó wá wo èmi, tí mo bọ́ ẹ̀wù, tí iyán dé irùngbọ̀n mi.

"Ṣé àjọ náà nìyí?" ló bi mí.

Kí n tó dáhùn, Yèyé ti pariwo lé mi lórí. "Àjàṣẹ́! Uyán ò ní gún ara rẹ̀!"

Mo tún gbé ọmọ odó. Mo gbá a ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó yẹ̀, ó gbá etí odó. Bàbá Mónìkà káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò. Ọkùnrin náà ti ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì kí n tó dáyé. N kò rò pé ó lè fara dà á láti máa wo ohun funfun tí wọ́n ń bà jẹ́. Ó bọ́ kóòtù fún Mónìkà. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Apá rẹ̀ tó itan mi.

"Kúrò níbẹ̀," ló wí, ó gba ọmọ odó.

Èmi kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gún un bí ẹni tó ń bá odó jà, ó yí i, ó fi omi sí i, ó tún gún un, ó ń sọ̀rọ̀ Faransé sí i. Iyán náà dàbí òwú. Àwọn ará Ìjurin kọ́kọ́ dẹ́kun kíkùn, ará Erìjìyàn fi ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn yí odó ká. Ẹ̀dímásítà tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́, ó wá kókó, kò rí. "Yèsí lí ọkùnrin yìí?" ló béèrè.

"Àna mi ni," mo wí. N kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ rí.

Bàbá Mónìkà kò jiyàn. Èémí rẹ̀ ń ṣe gúlegúle. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń pè é ní akọni, òun náà sì ń gbá ọmọ odó sí i. Ó gún fún gbogbo ọ̀wẹ̀ náà, títí ẹni ìkẹyìn fi ní ó tó. Mónìkà jókòó tì mí lórí àpò kòkó, ó ń fi ìka nu iyán kúrò ní irùngbọ̀n mi. "Mo rí i pé ò ń jẹun," ló wí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi lé sí mi lójú, mo sì yíjú sí òkè kó má bàa rí i.

Ọ̀rọ̀ tèmi ló wá kù. Nígbà tí Bàbá Mónìkà jẹun yó, wọ́n fún un láàyè lórí bẹ́ǹṣì ìgbìmọ̀, èmi sì jókòó síwájú wọn. Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ti rí òǹtẹ̀, òun ti rí ènìyàn, inú òun dùn. Ó ní kí a má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó sì ka ohun tí mo máa san lórí Mónìkà: owó orí, aṣọ, owó ọ̀nà, owó ìtọ́jú, owó ìwé, ohun mìíràn tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Iye náà ga bí òkè Ẹ̀fọ̀n. Iye tí wọ́n ń dá nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà; ìlú kan náà ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mo ti fẹ́ ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí gbogbo rẹ̀.

Ọwọ́ kan bà lé mi léjìká.

"Dákẹ́ ná, ọmọ wa," ni Ẹ̀dímásítà wí.

Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá àpò, ó mú gègé onítàdáwà pupa náà jáde, ó ṣí i. Àwọn yòókù lórí bẹ́ǹṣì tún ìjókòó wọn ṣe.

"Nọ́mbà kìíní," ló wí fún Bàbá Mónìkà. "Ẹ ṣàlàyé."

Yèyé dìde, ó tún lọ gbé iṣu kaná, torí ó mọ̀ pé ó máa pẹ́.